Búrẹ́dì Elégédé àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ju ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ, Forestville ní Amẹ́ríkà là ń gbé, nínú ilé kan tí ariwo mọ́tò orí òpópónà ńlá Beltway kì í jẹ́ kó dákẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa rẹ́rìn-ín pé irú èmi yìí náà jókòó, ó ń pìtàn ìgbà èwe bí arúgbó. Lóòótọ́, irùngbọ̀n mi ò tíì kún. Ìwé tí mo kà náà ò pọ̀. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, inú Bíbélì tí bàbá mi máa ń ní kí n kà sókè lálaalẹ́ ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí à ń jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo dàgbà jù, ẹ̀yin náà lẹ sì bi mí pé kí ló dé tí èmi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ jẹun ṣì ń wo kàtúùnù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn lọ́dọọdún bí ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá àgbà kan ń gbé ní òdìkejì títì wa, ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ àti ìlú iṣẹ́ wọn. Kó tó fẹ̀yìn tì, kóòtù ní Upper Marlboro ló ti ṣiṣẹ́. Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé báyìí, ìyá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún Hàlówíìnì, àjọ̀dún tí àwọn ọmọdé máa ń bo ojú lọ tọrọ súìtì láti ilé dé ilé. Á fi òwú ṣe okùn aláǹtakùn sára igi òdòdó, á gbẹ́ ojú àti eyín sára elégédé, á wá to òkúta sàréè tí wọ́n fi fóòmù ṣe sórí koríko iwájú ilé.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, òun ló máa ń pa ojú òkú dé nígbà tí àwọn mìíràn bá ń wá ibi tí wọ́n máa gbà. Síbẹ̀, sàréè fóòmù yẹn ò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Èèyàn á to sàréè síwájú ilé ara ẹ̀, á tún máa rẹ́rìn-ín sí mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ta ló fẹ́ sin síbẹ̀?"

Ohun mìíràn tó tún ń kọ ọ́ lóminú ni ìbéèrè. Bí Mọ́mì bá ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń wọ mọ́tò lọ, ìyá àgbà á gbé ọwọ́ sókè láti òdìkejì, á ní ṣé iṣẹ́ tún yá lálẹ́ òní. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ ni, by God's grace, á wá yí gíláàsì mọ́tò sókè kíákíá. "Kí ló kàn án? Ẹni tó ń fẹ́ mọ ìgbà tí ìyá ọmọ jáde nílé, kí ló fẹ́ fi ṣe?" Àwa ọmọ gbà á gbọ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, bí bọ́ọ̀lù bá yí lọ sórí koríko ìyá yẹn, a ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí bàbá wa á fi dé láti ibi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kàtúùnù ló wá kàn. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n máa ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá. Bí o ò bá rí i lọ́jọ́ náà, ó di àmọ́dún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ó rán aṣọ, ó fi páálí bo ojú, ó ní òun náà á lọ tọrọ súìtì bí àwọn ọmọ ẹranko yòókù. Gbogbo ilé tó bá kàn, wọ́n á yọjú ní fèrèsé, wọ́n á rí ìrù rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, wọ́n á sì pa iná. Ilé adìyẹ ló kù ní ìparí. Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ló mọ ibi tó parí sí. Àwọn òbí wọn náà ti wò ó lọ́mọdé. Èmi nìkan ni mo máa ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nílé wa, ìborùn ni wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn adìyẹ," ni Mọ́mì wí. "Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nìyẹn? Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀?"

Ìyá àgbà máa ń pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí pálọ̀ rẹ̀ láti wò ó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti wà ní kékeré. Ó pe àwa náà. Mọ́mì ní a lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́jọ́ náà. Ìyá náà ò bínú. Ó yan búrẹ́dì elégédé, èyí tó rí bíi kéèkì, tó pọ́n, tó ń ta sánsán, ó tò ó sórí àwo aláwọ̀ ewé kan, ó gbé e wá bá wa. Mọ́mì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹ orúnkún, ó dúpẹ́ gan-an. Bí ilẹ̀kùn ti padé, inú ike ìdalẹ̀nù ni búrẹ́dì kọrí sí.

Àwo wá ku àwo. Bí wọ́n ṣe tọ́ Mọ́mì ní Ìbàdàn, a kì í dá àwo ẹlòmíì padà lófìfo, ì báà jẹ́ ọ̀tá ẹni ló ni ín. Ló bá po ìyẹ̀fun, ló dín chin-chin, ó fi kún àwo náà dé etí, ó ní kí n gbé e lọ.

"Kí i dáadáa o. Má wọlé. Má jókòó. Má mu omi. Tó bá fún ẹ ní nǹkan, sọ pé o ti yó."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ lọ́dọọdún. Àwo á wá pẹ̀lú búrẹ́dì, búrẹ́dì á lọ sí ike ìdalẹ̀nù, àwo á padà pẹ̀lú chin-chin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kàtúùnù gan-an. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń rán.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹsẹ̀ máa ń dun ìyá àgbà. Bó bá gba àwo lọ́wọ́ mi, á ní, "Dúró, baby, kí n mú súìtì wá," á wá máa wọ́ lọ sí kíṣìnnì. Kó tó lọ, kó tó bọ̀, èmi á dúró níta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi, ṣùgbọ́n wọn ò rán mi pé kí n di ojú. Láti ibi tí mo dúró sí, mò ń rí tẹlifíṣọ̀n láàárín orí àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀. Ní ọdún kan, mo rí ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ń rán aṣọ. Ní ọdún mìíràn, mo rí ibi tí ewúrẹ́ ti pa iná mọ́ ọn lójú. Lọ́dún kan, ìpolówó ọjà ọṣẹ ni mo bá. Inú bí mi délé.

Bí mo ṣe kó kàtúùnù náà jọ nìyẹn, ní àjákù, bí ẹni tó ń fi àjákù aṣọ rán èwù. Bí mo bá délé, àbúrò mi á ti máa dúró dè mí ní yàrá. Mo máa ń sọ èyí tí mo rí fún un, mo sì máa ń fi ẹnu mi dí èyí tí mi ò rí. Òpin rẹ̀ ló máa ń dá wa láàmú. Mo ti ní kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé adìyẹ mì. Mo ti ní kí adìyẹ da omi gbígbóná sí i lórí. Àbúrò mi á ní, "Irọ́ nìyẹn. Lọ wò ó dáadáa." Mi ò lè wò ó dáadáa. Bí mo bá ti pẹ́ díẹ̀, Mọ́mì á ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, á ká ọwọ́ sáyà. Bí mo bá wọlé, á ní kí n la ẹnu, á gbóòórùn rẹ̀.

Ó wá ṣe ní ọdún kan, mo ti ga díẹ̀. Mo gbé chin-chin dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà gba àwo, ṣùgbọ́n kò lọ sí kíṣìnnì. Ó wò mí.

"Ṣé ẹ̀pà inú búrẹ́dì tèṣí ò pọ̀ jù fún yín, baby?" ló bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Mo ní, "Rárá, ma. Ẹ̀pà ẹ̀ gan-an ló dùn jù."

Ó ní, "Mi ò fi ẹ̀pà sí i rí."

Ẹ rántí pé kóòtù ló ti ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ la ẹnu kó gbé mi mì ni mo ń tọrọ. Mo ń retí kó lé mi. Ṣùgbọ́n ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kó di ẹnu ọ̀nà mú. Ó ní kí n bá òun gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Níbẹ̀, lábẹ́ igi ńlá kan, páànù kan wà nílẹ̀, ó sì da chin-chin Mọ́mì sínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ méjì jókòó tì í, wọ́n sanra débi pé wọn ò tiẹ̀ sá.

Ó ní kí n má bínú. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun láti kékeré pé kí òun má jẹ oúnjẹ ẹni tí òun ò mọ kíṣìnnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì nìyẹn gan-an, èyí tó máa ń sọ bó bá ń ṣí ike ìdalẹ̀nù: má jẹ oúnjẹ ẹni tí o ò mọ kíṣìnnì rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo délé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, torí mi ò lè pa á mọ́ra. Mọ́mì jókòó sórí àga ìjẹun, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́.

"Ó kó chin-chin mi fún ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ní wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ma."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín láti pálọ̀. "Búrẹ́dì tiẹ̀ ńkọ́? Ṣebí inú ike ìdalẹ̀nù ló ń lọ. Tìẹ tiẹ̀ rí ẹni jẹ ẹ́."

"Tèmi yàtọ̀," ni Mọ́mì wí. "Èmi mọ ohun tí mo fi sí chin-chin mi."

"Ṣé òun náà mọ̀ ọ́n?"

Mọ́mì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ ni òun àti ìyá àgbà ń jù síra wọn láti ọ̀nà jíjìn ní gbogbo ọdún yẹn. Ìyá àgbà ò tún bi í bóyá iṣẹ́ yá. Ìyẹn náà tún di ọ̀rọ̀. "Ó ti dákẹ́ báyìí. Kí ló ń rò?"

Oṣù kẹwàá tún dé. Sàréè fóòmù jáde, elégédé la eyín. Ọjọ́ kàtúùnù pé, a ò rí àwo. Mọ́mì ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń ká aṣọ fèrèsé sókè, ó ń jù ú sílẹ̀. Ẹni tí bíbọ̀ àwo máa ń dẹ́rù bà, àìbọ̀ rẹ̀ wá ń dẹ́rù bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Kí ló dé tí kò gbé e wá? Àbí ó ń ṣàìsàn?" Ìgbà tó yá, a gbọ́ tí epo ń ta nínú ìkòkò ìdínǹkan. Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó. Mọ́mì kó chin-chin sórí àwo tiwa, ó wé gèlè, ó ní ká wọ bàtà.

"A jọ ń lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi ṣẹ́jú sí yín."

A kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí díẹ̀, ẹ̀wọ̀n kan dè é láti inú, ojú kan yọ. Ìyá àgbà rí Mọ́mì. Kíá ló ti ilẹ̀kùn padà.

"Ẹ rí i?" ni Mọ́mì wí. "Mo sọ fún yín."

Àṣé ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ yọ. Ó ṣí i gbayawu.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti rí ìpàdé àwọn olóṣèlú lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí èyí tó tó ti ọjọ́ yẹn. Mọ́mì gbé àwo sórí tábìlì, kò kí, kò jókòó. Ó mú chin-chin kan, ó jẹ ẹ́ níṣojú ìyá náà, ó sì la ẹnu kó rí i pé òun gbé e mì. Ìyá àgbà wọ́ lọ sí kíṣìnnì, ó mú búrẹ́dì elégédé bọ̀, torí ó yan án, kò kàn gbé e wá ni. Ó gé e, ó jẹ ti ọwọ́ rẹ̀, òun náà la ẹnu. Wọ́n wá pààrọ̀. Mọ́mì já búrẹ́dì bí èkánná, ó fi sẹ́nu, ó dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá àgbà fi eyín iwájú fọ́ chin-chin.

"Ó le," ló wí.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ni Mọ́mì fèsì, ó wá jókòó. Ó ṣẹ́jú sí wa.

Bí mo ṣe rí òpin kàtúùnù náà nìyẹn, tí mo jókòó sílẹ̀, tí búrẹ́dì kún ẹnu mi. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé ilé adìyẹ. Ó yọ páálí kúrò lójú kó tó kan ilẹ̀kùn, torí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣe bí ẹlòmíràn. Adìyẹ ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò yọ ẹ̀wọ̀n ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá na ìyẹ́ gba inú àlàfo náà, ó fi súìtì kan sí i lọ́wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó tán. Àbúrò mi ní tèmi, ti omi gbígbóná, dára jù ú lọ. Mọ́mì ní, "Adìyẹ yẹn gbọ́n."

Láti ìgbà yẹn, pálọ̀ ìyá àgbà la ti ń wò ó. Ẹ má rò pé wọ́n di kòríkòsùn. Lọ́dọọdún, kí ẹnì kan tó jẹ, èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ, wọn ò yẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé ìyá náà mọ́, ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwo aláwọ̀ ewé, tí a fi gbé búrẹ́dì tó kù wálé kẹ́yìn, wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tó lọ. Mọ́mì ò lò ó, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sí Lake Arbor nígbà tí òun àti bàbá mi kó lọ síbẹ̀. Èmi ló yẹ kí n béèrè nọ́ńbà ìyá náà. Mi ò béèrè. Ó ń dùn mí.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí kàtúùnù yẹn ò fi gbó. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ń rìn bí ẹni tí bàtà ń pa lẹ́sẹ̀. Èrò tèmi ni pé kò parọ́ fún ọmọdé. Kò ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ronú pìwà dà, kò ní adìyẹ ti di gọ̀ǹgọ̀ṣú. Ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó ń fura náà lè na ọwọ́.

Ayé ti yí. Inú fóònù ni kàtúùnù wà báyìí, ẹ lè wò ó ní oṣù kẹta bó bá wù yín, kò sí ẹni tó ń sáré wálé nítorí rẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé tí mò ń gbé ní Upper Marlboro ò ní ẹ̀wọ̀n. Kámẹ́rà ló ní. Láti orí àga ni mo ti ń wo ẹni tó bá dé, mi ò ní láti yọ ojú kan pàápàá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń wo kàtúùnù náà lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ni fóònù mi dún pé ẹnì kan wà ní iwájú kámẹ́rà. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kejì ni, ará El Salvador. Ó gbé àwo kan dání, ó fi aṣọ bò ó. Ó tẹ aago, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Mo di èémí mú, bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó lọ. Ó yẹ kí n ṣílẹ̀kùn.

Mo gbé e wọlé, mo gbé e sórí tábìlì, mò ń wò ó. Mo pe Mọ́mì, mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dín chin-chin.

"Ta ló fún ẹ lóúnjẹ?" ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

"Ará ilé kejì, ma."

"Ṣé o mọ ìyàwó ẹ̀?"

"Rárá, ma."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, ma. Ewé àgbàdo ni wọ́n fi wé e. Ó jọ ẹ̀kọ."

"O ti jẹ ẹ́?"

"Mi ò tíì jẹ ẹ́."

"O ti dà á nù?"

"Rárá, ma."

Mò ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n ilé Mọ́mì lẹ́yìn, orin ìparí kàtúùnù yẹn ni.

"Ìwọ wo ló fẹ́ dín chin-chin? Wá gbà á lọ́dọ̀ mi," ni Mọ́mì wí. "Oúnjẹ yẹn, gbé e padà lọ bá a, kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́. Kí òun kọ́kọ́ jẹ o."